Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra fọ́ọ̀mù GCE yẹn o

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìjẹ̀bú Òde ni mò ń gbé, télọ̀ ni mí, ọmọ ọdún 39. SS2 ni mo wà tí bàbá mi kú, owó ilé-ìwé ò sí mọ́, ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì mi, tí wọ́n ti wà ní JSS2 báyìí, ní health centre ló ti wà lọ́kàn mi pé irú iṣẹ́ táwọn nọ́ọ̀sì yẹn ń ṣe ni mo fẹ́ ṣe, ilé-ìwé health technology tó wà ní Ilese ni mo fẹ́ lọ. Wọ́n ní àfi kí n ní O'level. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n ṣe GED, ìdánwò tiwọn lọ́hùn-ún, òun náà ló ṣe. Ọkùnrin kan tó ní kàfé ní òun mọ sẹ́ńtà tí wọ́n á ti bá mi ṣe é, kí n ṣáà mówó wá. Ṣé kí n gbà? Ṣé kò ti pẹ́ jù? Èwo ni kí n ṣe, torí iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè rárá."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpinnu o. Kò pẹ́ rárá. WAEC ò ní iye ọdún kan tí wọ́n á sọ pé ẹni tó bá ti kọjá ẹ̀ ò lè ṣèdánwò private candidate mọ́, NECO náà ò ní, ẹ ò sì ní wọ yunifọ́ọ̀mù padà sí SS2. Nínú lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ tí mò ń ṣe, àwọn ìyá tó ti lọ́mọ-ọmọ ti jókòó síwájú mi tí wọ́n sì gba kírẹ́díìtì wọn. Táwọn tẹ́ ẹ jọ ń tajà bá sì ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ rán wọn létí Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó wà nítòsí wa níbí. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣòwò, ó ti níyàwó ó ti bímọ kó tó gba dìgírì B.Com ti Yunifásítì London ní 1944, ilé ló jókòó sí tó ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ọdún 35 ni nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá lọ kọ́ lọ́yà ní ìlú òyìnbó, 1946 ni wọ́n pè é sí bar. Ọdún 39 tiyín ò burú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lórí ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Bí mo ṣe ń rí i, ẹ ti fẹ́ sáré lọ ra fọ́ọ̀mù, àti pé ibi tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń ṣubú gan-an nìyẹn. Wọ́n á gbọ́ pé fọ́ọ̀mù ti jáde, wọ́n á sanwó, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíṣà lẹ́yìn tó ti ku oṣù méjì, èsì á dé pẹ̀lú F9 mẹ́rin, wọ́n á ní ọpọlọ àwọn ò gba ìwé mọ́. Ọpọlọ wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọn ò kàn tún ìpìlẹ̀ ṣe ni. Nítorí náà bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ tò ó rèé: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí Ilese fẹ́, ẹ tún Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe láti ìsàlẹ̀, ìgbà náà ni fọ́ọ̀mù tó kàn.

Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ilese fúnra yín, kò jìnnà, ẹ má fóònù. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín, tàbí kẹ́ ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, nípa ohun tí wọ́n ń gbà fún community health. Ẹ bi wọ́n léèrè iye kírẹ́díìtì, orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n gba sitting méjì, ìyẹn kéèyàn ṣèdánwò lẹ́ẹ̀mejì kó da èsì ẹ̀ pọ̀, bóyá wọ́n gbà kí WAEC ẹyọ kan àti NECO ẹyọ kan pa pọ̀. Irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology àti Chemistry, èyí tó ṣìkarùn-ún ló máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì. Kírẹ́díìtì tí wọ́n ń sọ yìí, láti A1 dé C6 ni. D7 àti E8 wọ́n ń pè é ní páàsì, àmọ́ kò lè gbé yín wọlé, F9 ni fèèlì. Mo mọ ẹnìkan tó fi odindi ọdún méjì ṣe Commerce, Government àti CRS, ó gba B3 nínú wọn, ó wá dé ilé-ìwé ìlera wọ́n ní kò sí ìkankan tó wúlò. Ó dùn mí wọra.

Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá dé láti Ilese ni ká tó sọ̀rọ̀ GED dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àbúrò yín má bàa rò pé a ò dá òun lóhùn. GED dáa, ìdánwò gidi ni. 1942 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fáwọn sójà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ sójú ogun, kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn náà mọ ohun tẹ́ni tó parí high school mọ̀. Lónìí, ọ̀nà mẹ́rin ló ní, ìṣirò, kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì, àti social studies, téèyàn bá ti gba 145 nínú 200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ó ti yege. Níbi tí àbúrò yín wà, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á, ibi iṣẹ́ gbà á. Àmọ́ ilé-ìwé tiwa níbí ń wá Biology lọ́tọ̀, Chemistry lọ́tọ̀, pẹ̀lú máàkì tó dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, GED sì da gbogbo sáyẹ́ǹsì pọ̀ sójú kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kó lọ bá a lọ́hùn-ún ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ ṣe é. Ilese lẹ̀ ń lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ó ku ọkùnrin oníkàfé yẹn. Ẹ má gbà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Mo mọ̀ pé ó máa sọ fún yín pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, pé sẹ́ńtà òun "mọ́", pé ẹ ò tiẹ̀ ní dé ibẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ. Àkọ́kọ́, fọ́tò yín àti ìka ọwọ́ yín wà nínú ìforúkọsílẹ̀, WAEC sì ní agbára láti dá èsì odindi sẹ́ńtà dúró, kí wọ́n sì pa á rẹ́ pátápátá lẹ́yìn ìwádìí. Owó yín á ti lọ, kò sí ibi tẹ́ ẹ máa mú ọkùnrin yẹn lọ torí ẹ ò lè lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ sanwó fún màgòmágó tí wọn ò sì ṣe é dáadáa. Òfin tí ìjọba ṣe lórí rẹ̀ láti 1999 wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú ẹ̀. Èkejì ló ká mi lára jù. Ẹ ní ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera. Wọ́n á gbé ọmọ tó wọn kílò 12 wá bá yín, ara ẹ̀ gbóná, wọ́n ti kọ́ yín ní kíláàsì pé paracetamol tó yẹ ẹ́ jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kan, ìyẹn 180. Omi oògùn tó wà lọ́wọ́ yín, 120 ló wà nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó lẹ máa fún un? Méje àtààbọ̀ ni. Ìṣirò tí ọkùnrin yẹn fẹ́ bá yín ṣe nìyẹn, ratio lásán, kò sì ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ bí ẹ ṣe máa kà á, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìṣirò ló máa ń lé àgbàlagbà sá, àmọ́ ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bíi télọ̀, ẹ ti ń ṣe é láìmọ̀. Tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ rán flare tó yípo pátá fún òun, ìbàdí ẹ̀ 33, kí lẹ ń ṣe? Ẹ̀ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa fi téèpù sí láti ṣí ihò àárín. Àwọn míì nínú yín mọ̀ pé 6.28 làwọn fi ń pín in, àwọn míì kàn ń fojú wọ̀n ọ́n. 6.28 yẹn, bí 44 tí a fi 7 pín ló rí, nítorí náà 33 lọ́nà 7, kẹ́ ẹ fi 44 pín in, ínǹṣì márùn-ún àti ìdámẹ́rin ló máa jẹ́. Circumference àti radius tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín ní SS1 nìyẹn, WAEC ń bèèrè ẹ̀ lábẹ́ mensuration. Nítorí náà ẹ má sọ fún ara yín pé orí yín ò gba Ìṣirò.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti ìwé SS3 o. Ẹ sọ pé JSS2 làwọn ìbejì wà, ọlá ńlá nìyẹn, ìwé ìṣirò wọn ni kẹ́ ẹ gbà. Fraction, decimal, pasẹ́ńtì, nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò, equation kékeré tó ní x ẹyọ kan. Ẹ bá wọn ṣe ásáínmẹ́ǹtì lálẹ́, kẹ́ ẹ jọ máàkì ara yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀, inú wọn á dùn pé Màámi ń kàwé. Mi ò ní kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi lè ṣe é láì wo ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé. Tí ìyẹn bá gbà yín ní oṣù mẹ́ta, ó gbà yín ní oṣù mẹ́ta. Ìwé kejì Ìṣirò WAEC, ìyẹn Paper 2, ìbéèrè 13 ló wà níbẹ̀, márùn-ún àkọ́kọ́ pọn dandan, òun nìkan gbé máàkì 40 nínú 100, ẹ wá yan márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù fún 60. Àwọn márùn-ún tó pọn dandan yẹn, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, JSS3 àti SS1 ló ti wá. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, èyí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ tún ìpìlẹ̀ ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì, ìwé mẹ́ta ni. Ọ̀kan jẹ́ objective, ìyẹn ẹ mú A, mú B, ọ̀kan jẹ́ àròkọ, comprehension àti summary, ọ̀kan jẹ́ oral. Àròkọ nìkan máàkì 50, 10 fún ohun tẹ́ ẹ sọ, 10 fún bẹ́ ẹ ṣe tò ó, 20 fún èdè, 10 fún àṣìṣe bíi sípẹ́lì àti kọ́mà, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n sì ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 yẹn. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, gbólóhùn kúkúrú, sípẹ́lì tó pé, á gba máàkì ju ẹni tó ń wá gírámà ńlá lọ. Ìdí tí àgbàlagbà fi ń fèèlì summary ni pé wọ́n ń dà á kọ tààrà látinú ìwé, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó pé. Ẹ máa kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú bíró lórí ìwé o, kì í ṣe lórí fóònù, torí ọwọ́ tó ti fi ogún ọdún di sísọ́ọ̀sì mú máa ń tètè rẹ̀ tó bá di bíró, àti pé wákàtí méjì ni wọ́n fún yín fún ìwé kejì yẹn. Ní ti oral, ẹ máa gbọ́ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ, kẹ́ ẹ máa pe ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ship àti sheep, bath àti bat, àwa Yorùbá a máa ń pè é bákan náà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń mú wa.

Biology rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kàn máa yàwòrán dáadáa kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i. Chemistry ni kẹ́ ẹ wá tíṣà fún, mi ò ní parọ́ fún yín, mole àti equation ṣòro láti dá kọ́. Private candidate ò ní wọ laabu bíi tàwọn ọmọ ilé-ìwé, ìbéèrè nípa iṣẹ́ laabu ni wọ́n ń fún wọn dáhùn lórí ìwé, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ò rí burette rí, ẹ bẹ tíṣà kan kó fi hàn yín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: WAEC ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn tí wọ́n ń pè ní e-learning, ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè ọdún tó ti kọjá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun táwọn ọ̀gá tó ń máàkì sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ṣe lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, Chief Examiners' Report lorúkọ ẹ̀. Ó sàn ju gbogbo "expo" tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp lọ. Ọmọ iṣẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde SS3 lè bá yín wá a.

Ó wá kan ìgbà tẹ́ ẹ máa ṣe é. Ẹ̀yin télọ̀ Ìjẹ̀bú, àkókò méjì ni kò sẹ́ni tó lè bá yín sọ̀rọ̀: oṣù December, àti ìgbà Iléyá, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo regbẹ́regbẹ́ ló sì fẹ́ kí aṣọ wọn jáde lọ́jọ́ kan náà. NECO external, November sí December ni wọ́n ń ṣe é, fún ẹni tó ń ránṣọ Kérésìmesì, ìyà ni. WASSCE private, èyí táwa ṣì ń pè ní GCE, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló wà: ọ̀kan ní January sí February, ọ̀kan ní ìdajì kejì ọdún. Tí mo bá jẹ́ yín, lẹ́yìn Ojúde Ọba ni máa bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà gidi, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá dákẹ́, tí òjò ń rọ̀, tí máa fi odindi ọdún kan kà á láì ronú fọ́ọ̀mù, kí n tó wá fojú sí January/February tó bá tẹ̀ lé e. January, oníbàárà ò sí, owó ti tán lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àmọ́ ìyẹn á fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn akin dá aṣọ padà láti bí ìdajì December, kẹ́ ẹ sọ fún oníbàárà pé mo ń lọ ṣèdánwò. Owó díẹ̀ máa lọ, mo mọ̀, ẹ tètè fi sínú ìṣirò.

Tí Ilese bá sọ pé àwọn gba sitting méjì, ẹ má di gbogbo ẹrù rù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè fi agbára yín sórí Gẹ̀ẹ́sì, Biology àti èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn jù ní àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá fi èkejì kọjú sí Ìṣirò àti Chemistry. Èsì WAEC kì í kú, èyí tẹ́ ẹ bá gbà lónìí ṣì wúlò lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ẹ kàn rí i pé ẹ ka ìwé àlàyé ìforúkọsílẹ̀ ọdún yẹn kẹ́ ẹ mọ iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó kéré jù tí wọ́n gbà, èyí tó pọ̀ jù ni 9. Ẹ lè fi Yorùbá kún un, mo fẹ́ràn ẹ̀ fáwọn àgbàlagbà, ẹ ṣáà bi Ilese bóyá wọ́n á kà á mọ́ márùn-ún, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé Yorùbá ìwé pẹ̀lú àmì orí ni wọ́n ń bèèrè, ti Ìjẹ̀bú tí à ń sọ nílé ò tó.

Ẹni tó bá jẹ́ pé aṣọ rírán náà ló fẹ́ fi lọ sí poly, ǹ bá ní kó yà sọ́dọ̀ NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò, sáàtìfíkéètì wọn náà wà ní ipò O'level, iṣẹ́ aṣọ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ bá mi sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ yín.

Láti 2024 ni WAEC ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ti private candidate. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ mú A, mú B nìkan lẹ máa tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ìbéèrè tó gba àlàyé á jáde lójú kọ̀ǹpútà àmọ́ bíró lẹ máa fi dáhùn ẹ̀ sínú ìwé. Ẹ san owó díẹ̀ ní kàfé míì, kì í ṣe ti ọkùnrin yẹn, kẹ́ ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di mouse mú títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. NIN ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Ṣé orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN yín àbí orúkọ bàbá? Èyí tó bá wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, létà dé létà, tó bá sì jẹ́ sitting méjì, orúkọ kan náà ní méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ lọ yí NIN náà kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, torí àtúnṣe lórí sáàtìfíkéètì lẹ́yìn ìdánwò, wàhálà ńlá ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé ọjọ́ orí yín kù. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà kó tó fi ránṣẹ́, sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ ìbí, ìlú tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe é, gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti dé láti Ilese, ẹ kọ orúkọ àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ fi kún un irú ìṣirò tẹ́ ẹ ṣì lè ṣe nínú ìwé àwọn ìbejì àti ibi tó ti há yín. Màá bá yín to ohun tẹ́ ẹ máa kà lóṣooṣù, màá sì sọ èyí tẹ́ ẹ máa gba tíṣà fún àti èyí tẹ́ ẹ lè dá kà ní ṣọ́ọ̀bù.